Bí Iṣẹ́ Gbígba Àjọ Ṣe Tán Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Lókun, àti Bó Ṣe Padà Bọ̀ Sípò

Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, láàárín ọdún 2023 sí 2024. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kàn. Ó gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ òun tí irú ẹ̀ ń bá fínra pọ̀, wọ́n kàn ń pa á mọ́ra ni. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, n kò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó wà. Iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ ni mo ṣe lápá Ṣágámù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí ẹbí fi ké sí mi nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ kọjá agbára wọn.

Kí n ti sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ kí n tó ro ẹjọ́ náà. Ìsinmi tí wọ́n fún ọmọ yìí kò gbé e dìde. Àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un kò gbé e dìde. Ìgbà tí ẹni tó ń darí rẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣe, tó sì tún iṣẹ́ náà tò, ni ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Ilé ìfowópamọ́ kékeré kan ló gbà á síṣẹ́, irú èyí tó ń gba àjọ ojoojúmọ́, tó sì ń yá àwọn ọlọ́jà lówó. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àjọ àti èésú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wa. Bílẹ̀ bá ti mọ́, á gbé báàgì kọ́ èjìká, á mú káàdì, bírò àti ẹ̀rọ POS, á bẹ̀rẹ̀ láti Òkè-Ajé, á gba Ìtóòrò, á já sí Ìta-Ọ̀ṣùgbó. Ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni. Ẹni tó ń dá náírà 200 lójúmọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ń dá 5,000 náà wà níbẹ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní ojú 31. Bí oníbàárà bá san, á sàmì sí ojú ọjọ́ yẹn, á buwọ́ lù ú. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni owó iṣẹ́. Láyé àtijọ́, alájọ fúnra rẹ̀ ló ń mú un. Lọ́dọ̀ tiwọn, ilé iṣẹ́ ló ń mú un, owó oṣù ni wọ́n ń san fún ẹni tó ń rìn. Káàdì tó wà lọ́wọ́ òun nìkan lé ní 140.

Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Kò nílò kó wo káàdì kó tó mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá. Ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe WAEC, ó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti rin ìrìn àjò tí kò padà, ó mọ ẹni tí kò yẹ kéèyàn bi lówó àfi tí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí. Ìyá Oníṣu, Ìyá Elélùbọ́, Alhaja Aláṣọ, Bàbá Onípákó: gbogbo wọn ló ń kí lórúkọ, tó ń béèrè ọmọ wọn. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí ibẹ̀ gan-an ni àárẹ̀ náà ti kọ́kọ́ yọjú.

Ọdún 2023 bá wàhálà owó tuntun wọlé. Báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti kéde ní oṣù Kẹwàá 2022 pé wọn yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìn-ín-ní àti oṣù Kejì, owó bébà ti di àwátì. Gbogbo wa la rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń sùn níwájú báǹkì. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò ẹni tó ń gba àjọ. Ọlọ́jà tó fẹ́ wọ oko lọ ra gaàrí kò lè fi tìráńsífà tí kò wọlé ra nǹkan kan. Kò mọ báǹkì àpapọ̀, kò mọ ọ̀gá báǹkì. Ẹni tó mọ̀ ni ọmọbìnrin tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tó sàmì sí káàdì. Wọ́n bú u. Obìnrin kan di aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn ní Òkè-Ajé níṣojú gbogbo ọjà. Òun náà ń lọ bẹ àwọn oní-POS káàkiri, ó ń fi owó ara rẹ̀ san owó orí owó, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù lè rí nǹkan mú dání.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di òpin ọdún, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó torí ẹ̀ kó káàdì dà nù. Ìwé kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ fún un lórí gbogbo rẹ̀: ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, nítorí pé owó tó gbà wọlé ní oṣù Kejì kò tó tágẹ́ẹ̀tì.

Kò tíì mí kanlẹ̀ tí wọ́n fi yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Lítà epo tó wà ní nǹkan bí náírà 190 fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbówó lórí, owó ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ń fún un lóṣù kò kúrò lójú kan. Iléyá tún dé lópin oṣù Kẹfà. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sì sí ẹgbẹ́ tí kì í dá aṣọ nínú àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Owó aṣọ yẹn, owó bàtà, owó ẹran, inú àjọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń mú un. Gbogbo káàdì fẹ́ já lẹ́ẹ̀kan náà. Alẹ́ ọjọ́ kan tó ń ṣírò títí di aago mọ́kànlá, owó dín ní 43,000. Wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Oníbàárà kan tó yá owó tún sá lọ. Wọ́n ní òun ló mú un wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyẹn náà.

Láti oṣù Kẹjọ ni ara ti ń sọ̀rọ̀. Orí fífọ́, àìlè sùn, kí oúnjẹ má lọ lẹ́nu. Ibà àti taifọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tọ́jú, bí a ṣe máa ń ṣe. Ó lo oògùn yẹn léraléra. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé tí fóònù bá ti dún lẹ́yìn aago mẹ́fà, ńṣe ni ọwọ́ ìyàwó òun máa ń gbọ̀n. Aago méje alẹ́ ni mánijà máa ń gbé iye tí oníkálukú gbà sórí WhatsApp gbogbo òṣìṣẹ́, èyí tó kéré jù á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àmì pupa.

Ohun tó dẹ́rù bà mí ni ọ̀rọ̀ kan tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó wá kí mi. Mo bi í léèrè Ìyá Oníṣu, tó jẹ́ ojúlùmọ̀ mi. Ó wò mí bí ẹni pé kò mọ ẹni tí mò ń wí. Ó wá ní, "Háà, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó ń san." Nọ́ńbà káàdì ló pè é. Ọmọ tó ń kí gbogbo ọjà lórúkọ ti ń pe èèyàn ní nọ́ńbà, kò sì mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ti ṣèwádìí sí irú nǹkan báyìí mọ àmì yẹn dáadáa. Ní 1974 ni onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá kan ní New York, Herbert Freudenberger, kọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi tọkàntọkàn tọ́jú aláìní, tí iná inú wọn wá kú pátápátá. Burnout ló pè é. Christina Maslach àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwọ̀n rẹ̀ jáde ní 1981, apá mẹ́ta ni wọ́n sì rí: kí okun ẹ̀mí tán pátá, kí ojú èèyàn kú sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún, kó máa rí wọn bí ẹrù, àti kó dà bíi pé gbogbo ohun tó ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé àkójọ wọn tuntun, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ló ń fà á, nǹkan tó ti ibi iṣẹ́ wá ni, wọn kò kà á mọ́ àìsàn. Mo fẹ́ràn ìlàmọ́lẹ̀ yẹn gan-an, nítorí tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló fà á, iṣẹ́ náà la gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ara ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò o. Mo ní kó lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru díẹ̀, 150/95, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò sì tó bó ṣe yẹ. Dókítà tún jókòó bi í bóyá ohunkóhun ṣì ń dùn mọ́ ọn nílé, bóyá ó máa ń wù ú pé kóun má jí. Ìbéèrè tó ṣe kókó nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fò ó. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti iṣẹ́ nìkan, ó di ti dókítà ọpọlọ kíákíá. Àrò wà ní Abẹ́òkúta láti 1954, wọ́n sì ń tọ́jú ẹni tí ìbànújẹ́ mú àti ẹni tí kò rí oorun sùn, wọ́n a sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ó dùn mí pé tí a bá ti gbọ́ Àrò, ohun tí a ń rò ni wèrè ìgboro. Ní ti ọmọ yìí, ó ní tóun bá ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ òun, inú òun ṣì máa ń dùn. Ibi iṣẹ́ ni ojú ti ń dúdú.

Dókítà ní kó gba ìsinmi. Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, kò gba ìsinmi ọdún rí. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní ẹni tó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ní ìsinmi pẹ̀lú owó. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù Kẹwàá. Ó lọ sí Ìpẹru lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sùn, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo wa dúpẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kó padà síṣẹ́, ó bì gbogbo oúnjẹ tó jẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti padà síbi tó wà.

Àwọn ẹbí gbà á ládùúrà, mo sì ṣe àmín. Àwọn kan rọ̀ ọ́ pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, pé àwọn tí kò ríṣẹ́ pọ̀ nígboro. Òótọ́ ni. Kò sì ràn án lọ́wọ́, nítorí kò sígbà kankan tó sọ pé òun kò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Nípàdé òpin ọdún, wọ́n pè é síta, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ onígíláàsì. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló gbà á. Mánijà ka gbólóhùn kan náà fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: "A dúpẹ́ fún iṣẹ́ takuntakun yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó gbé e délé, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ bá a wí pé aláìmoore ni. Àwọn àgbà ní yinniyinni kẹ́ni ó ṣe òmíràn, wọ́n sì ti yìn ín. Èmi kò gbà pé wọ́n yìn ín. Ẹni tí yóò yin èèyàn gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó ṣe. Nínú oṣù Kìn-ín-ní 2024, ó kọ ìwé pé òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ní kó fún mi láàyè kí n rí mánijà náà kó tó fi í ránṣẹ́.

Ọmọkùnrin tó mẹ̀kọ́ ni mánijà náà, kò sì ní ìkà nínú. Òun náà ní ọ̀gá ní Èkó tó ń lé e kiri. Ó fún mi lága, ó gbé omi wá.

"Mà, mo mọ rírì wọn gan-an," ó ní. "Kò sí àárọ̀ tí mi ò kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣeun. Kí ni wọ́n ṣe fún yín ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá?"

Ó ronú, ó ní, "Èyí tí tágẹ́ẹ̀tì ò pé yẹn ni mà?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn rìn lọ́jọ́ kan. Láti àárọ̀ títí wọn ó fi ṣírò owó tán. Ẹ má dá sí nǹkan kan, kí ẹ kàn máa wò. Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín wá kò ju ìyẹn lọ."

Ó gbà. Bàtà ọ́fíìsì ló wọ̀ wá lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nísinsìnyí, ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ, ó sì bára mu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ajé kí oòrùn tó mú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mánijà ti béèrè ibi tí wọ́n ti máa ń jókòó. Ó ní àwọn kì í jókòó. Ó rí i pé oníkẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni ó san owó fún láti àpò ara rẹ̀. Ó rí ọlọ́jà kan tó na owó tó ti ya sí i, tí ọmọ yìí sì rọra dá a padà láìsí ariwo. Ó rí i tó yà sídìí ìsọ̀ kan tí wọ́n tì, tó béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, tó sì kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì pé ìyá onísọ̀ wà ní ọsibítù, kí wọ́n má fi pè é lóníjìbìtì.

Ìdí igbá gaàrí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Obìnrin tó ń tà níbẹ̀ béèrè ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Wọ́n ní ọ̀gá ni. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ bá mi tọ́jú ọmọ yìí. Ìgbà tí owó ò sí nílùú, tí ọmọ mi ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọsibítù ní àwọn ò gba tìráńsífà, òun ló lọ fi owó tiẹ̀ wá 20,000 fún mi. Nígbà tó máa fi dé, ilẹ̀ ti ṣú." Mánijà wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún àwọn. Ó fèsì pé, "Sà, ẹ ò bi mí."

Mánijà sọ fún mi nígbà tó yá pé òun kò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì gbà á gbọ́, nítorí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ó kọ lẹ́tà kan sínú fáìlì ọmọ yìí, ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Èkó. Kò sí iṣẹ́ takuntakun kankan nínú lẹ́tà náà. Ó kọ oṣù, ó kọ ọjà, ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kọ pé nítorí rẹ̀ ni oníbàárà kankan kò ṣe lọ ní oṣù Kejì 2023, ó sì ní kí wọ́n fagi lé ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ìjọsí. Mo ka lẹ́tà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀dà tirẹ̀ nínú Bíbélì rẹ̀.

Lẹ́tà nìkan kò tó, mo sì tẹnu mọ́ ọn. Maslach àti Michael Leiter ti ṣàlàyé pé ibi mẹ́fà ni iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ti máa ń ṣe ségesège: bí ẹrù ṣe wúwo tó, àṣẹ tí èèyàn ní lórí iṣẹ́ ara rẹ̀, èrè, àjọṣe, ẹ̀tọ́, àti ohun tí èèyàn gbà pé ó dára. Èrè kàn jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà ni. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tí wọ́n ń yọ. Mo gbé òfin iṣẹ́ síwájú wọn: abala karùn-ún kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ yọ owó òfò lára òṣìṣẹ́, àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí tó ṣàìbìkítà, tí aṣojú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i ní kíkọ. Oníbàárà tó sá lọ kò sí nínú ìyẹn. Wọ́n dá owó náà padà ní ìdajì, wọ́n sì dáwọ́ yíyọ rẹ̀ dúró. Mo fẹ́ kó jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìdajì náà ni Èkó gbà.

Káàdì rẹ̀ dín kù sí 90, wọ́n gba ẹlòmíràn kún un. Òun ló fúnra rẹ̀ yan ìsọ̀ tó fẹ́ fi sílẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò máa gbà, èyí sì dùn mọ́ ọn ju bí mo ṣe rò lọ. Owó ọkọ̀ lọ sókè. Títo orúkọ sórí WhatsApp lálẹ́ dópin. Fóònù ilé iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń pè báyìí, ó sì ń kú ní aago mẹ́fà àbọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu owó oṣù tó kéré jù, náírà 70,000, ní oṣù Keje 2024, tirẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Mánijà kan náà ló jà fún un.

Kò yá kíá. Kí ẹnikẹ́ni má rò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ó ṣì ń jí lóru, ọ̀sẹ̀ kan sì wà tí kò lè jáde nílé rárá, tí mánijà fúnra rẹ̀ gbé báàgì lọ sí ọjà. Ìgbà Iléyá ni mo tó rí ìyàtọ̀ gidi. Mo pàdé rẹ̀ ní Ìtóòrò, ó ń bá Ìyá Oníṣu ṣàríyànjiyàn lórí iye tí yóò gbà, ẹ̀rín ń sọ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ṣì ń lo oògùn. Ọkọ rẹ̀ ló ń dáná lọ́jọ́ tí ìṣirò bá wà.

Ẹ̀ka tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti gba ètò náà, mánijà ibẹ̀ sì ti bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rìn. Ẹ̀ka kan kù tí kò tíì gbà. Wọ́n ṣì ń yọ owó òfò lára àwọn mẹ́ta tó ń gba àjọ níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn ti kọ lẹ́tà sí Èkó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá wọn kọ ọ́, èmi ni mo fi abala karùn-ún sí i, a sì ń retí èsì.